Kóńgò Mélòó Ni Ilé Yín Ń Jẹ Lọ́sẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ gbogbo ohun tí mo rà sílẹ̀, sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi. Aránṣọ ni mí. Ìjòkà là ń gbé ní Àkúrẹ́, èmi, bàálé mi àti ọmọ mẹ́rin. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ẹran ló ń jẹ owó wa. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán, ẹran kọ́. Òróró inú ọ̀rá tí à ń rà ní alaalẹ́ ni, ìrẹsì dèríkà kan lónìí, dèríkà kan lọ́la, ata ẹ̀kúnwọ́ kan, magí ẹyọ mẹ́ta, àti owó tí mò ń ki bọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ láàárọ̀ nítorí pé ilẹ̀ mọ́ bá mi láìní nǹkan nílé. Ẹni tó ń ra oúnjẹ ní ìba èyí tó máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, òun ló ń rà á wọ́n jù. Kò kàn hàn sí i ni, torí pé díẹ̀díẹ̀ lowó ń jáde.

Látìgbà náà, èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí owó mọ́. Bí a ṣe ń rán ṣòkòtò ni mo ṣe ń ṣe é: a máa ń wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ká tó gé aṣọ.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ilé yín

Ẹ wá agolo mílíìkì òfìfo kan, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má yí oúnjẹ yín padà rárá. Bí ẹ ti ń sè é náà ni kẹ́ ẹ máa sè é, ẹ ṣáà máa ka agolo kí nǹkan tó wọ ìkòkò, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ wo abọ́ àwọn ọmọ. Bó bá ń ṣẹ́kù nígbà gbogbo, agolo kan ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ń fi ìka nu ìkòkò, kò tó, ẹ fi kún un. Àìjẹun yó ọmọ kì í ṣe ìṣúnwó.

Agolo 6 ìrẹsì ni mò ń sè tẹ́lẹ̀. Ìwé mi fi hàn pé 5 tó wa. Agolo kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì là ń jẹ ìrẹsì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 ló sì wà nínú ọdún. Agolo 104 nìyẹn. Kóńgò tí mò ń lò kì í gbà ju agolo 10 lọ, nítorí náà ó lé ní kóńgò 10 ìrẹsì lọ́dún tí mò ń dà fún adìẹ aládùúgbò.

Ohun tí ilé wa ń jẹ lọ́sẹ̀ kan nìyí, lẹ́yìn tí mo wọ̀n ọ́n tán: ìrẹsì kóńgò 1, ẹ̀wà kóńgò 1, gàrí kóńgò 2, àgbàdo gbígbẹ kóńgò 1 fún ògì, èlùbọ́ ìdajì kóńgò, àti iṣu méjì tàbí mẹ́ta bí owó rẹ̀ bá gbà. Tiyín lè pọ̀ jù ú tàbí kó kéré sí i. Ilé tó ní ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún méjì, ẹ má fi tèmi ṣe òdiwọ̀n, ẹ ó jìyà.

Kóńgò ọlọ́jà náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Kóńgò kan kò bá èkejì dọ́gba. Obìnrin kan wà tí mo ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́ta nítorí pé tirẹ̀ dínwó ju ti gbogbo ọjà lọ. Ìgbà tí mo gbé ẹ̀wà rẹ̀ délé tí mo fi agolo kà á, 8 péré ni. Wọ́n ti lu ìdí kóńgò náà wọnú. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ pé ibì kan dínwó, ẹ ka agolo rẹ̀ nílé ná, kẹ́ ẹ wá fi owó pín in. Ká ní kóńgò kan jẹ́ ₦2,000 tó sì gba agolo 10, ₦200 ni agolo kan. Ká ní òmíràn jẹ́ ₦1,800 àmọ́ tó gba agolo 8, ₦225 ni agolo tirẹ̀. Èyí tó jọ ọ̀pọ̀ yẹn ló wọ́n jù.

Ọjà

Ọjà Ọba tó wà níwájú ààfin Déjì ló sún mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín ìlú, Ìsìkàn náà wà, ọjà NEPA náà wà. Ata àti tòmátì tí mo bá fẹ́ rà ní apẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Háúsá ní Ṣáṣá ni mò ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ ọjà, kẹ́ ẹ sì mú ìwé dání. Ẹni tó bá lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa san owó kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì máa rí ohun tí kò wá rà.

Àárọ̀ dára fún ohun tó yẹ kéèyàn ṣà: ẹja, iṣu, ẹ̀wà. Ìrọ̀lẹ́ ló dára fún ohun tó ń bàjẹ́, torí pé alátà ò fẹ́ gbé ata tó ti rọ̀ padà sílé. Ata tó rọ̀ díẹ̀ kò burú fún ẹni tó máa lọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó ti ń ṣomi tàbí tó ti hu funfun ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà nínú rẹ̀. Mo máa ń kí wọn dáadáa: “Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá.” Ìyá á ní, “Àṣẹ, ọmọ mi. Èló lo fẹ́ rà?” Bó bá ti dárúkọ iye tí kò fẹ́ já mọ́, n kì í bá a fa owó mọ́. Màá ní, “Ó dáa, mà, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n kó kún, kẹ́ ẹ sì fún mi ní ènì tó jọjú.” Owó lè wọ́n wọn lójú láti yọ, àmọ́ ènì kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn wọ́n. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ènì lórí ẹ̀wà máa ń tó agolo kan nígbà mìíràn.

Bí ẹ bá ní aládùúgbò méjì tí ẹ fọkàn tán, ẹ jọ dá owó ra àpò ẹ̀wà kan tàbí apẹ̀rẹ̀ ata kan, kẹ́ ẹ pín in ní agolo-agolo lójú gbogbo yín. Èmi àti ìyá méjì ní àdúgbò wa ló ń ṣe é. Àjọ kékeré la fi ń kó owó rẹ̀ jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ń dá a lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́ dá tirẹ̀, a ò ní rà á lọ́sẹ̀ yẹn. Òfin wa nìyẹn, òun ni ò jẹ́ ká tíì jà.

Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóko ni kẹ́ ẹ jẹ

Àwọn baba wa ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tó pa òwe yẹn kò ra iṣu ní oṣù karùn-ún. Iṣu ti tán lábà nígbà yẹn, èyí tuntun ò tíì jáde, ọmọ iṣu kan sì lè gba owó tó yẹ kó ra kóńgò gàrí. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wá o, a fẹ́ràn iyán, mi ò ní parọ́. Àmọ́ iyán ní ìgbà tirẹ̀. Láti oṣù keje ni iṣu tuntun ti ń bọ́ sí ọjà. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é gún, nítorí náà àsáró àti dùndún ni mò ń fi í ṣe. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣu ti gbó, tó pọ̀, tó tún dínwó, nígbà yẹn la ń gbé odó síta.

Àgbàdo tútù pọ̀ lóṣù kẹfà sí ìkeje: ẹ fi ṣe oúnjẹ alẹ́, ẹ sè é mọ́ ẹ̀wà. Tòmátì ń wọ́n gan-an nígbà òjò, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkeje, torí pé èyí tó ń ti Òkè Ọya wá ti dín kù. Ẹ má jà á du. Ẹ gbé ọbẹ̀ ilá, ewédú àti ẹ̀fọ́ síwájú, kẹ́ ẹ fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà rọ́pò tòmátì. Epo pupa ní tirẹ̀, ìgbà tí ẹyìn pọ̀, bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ni kẹ́ ẹ ra kéègì kan sílẹ̀. Ẹ̀wà tuntun ń dé láti Òkè Ọya ní ìparí ọdún, àsìkò yẹn ni àwa mẹ́ta ń ra àpò wa.

Kòkòrò ni ọ̀tá àpò ẹ̀wà. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kó tutù, kẹ́ ẹ wá dà á sínú kéègì tó mọ́ tó sì gbẹ, kó kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ dé e pa pátápátá. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí, á kú. Ẹ má ṣí i káàkiri. Kéègì kékeré mélòó kan sàn ju ńlá kan lọ. Oògùn apakòkòrò olómi tí àwọn kan ń fín sí ẹ̀wà, májèlé ni. Ẹ̀wà tó bá ń rùn bí oògùn lọ́jà, ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó dínwó tó.

Gàrí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mo ti ra gàrí kóńgò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan rí, torí pé ó dínwó. Kò yan dáadáa, mo sì dà á sínú kéègì bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti bu. Gbogbo rẹ̀ ni mo dànù. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: bó bá dì mọ́ ara wọn, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbẹ á máa dún ṣàràṣàrà, á sì dà láàárín ìka.

Ìkòkò ẹ̀wà

Orí ẹ̀wà ni gbogbo ètò wa dúró lé, nítorí náà màá pẹ́ díẹ̀ níbí. Ẹran lè má sí nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹ̀wà bá wà pẹ̀lú àgbàdo, ìrẹsì tàbí ògì, ara ọmọ kò ní rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀wà kò ní tó láti fi kọ́ ara, àgbàdo ní in. Ohun tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní in. Àwọn ìyá wa tó ń fi àkàrà mu ògì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bu omi tuntun. Ẹ̀wà tó ti mumi yó kì í pẹ́ jiná, kì í sì í wú inú bí èyí tí a kò rẹ. Ẹ gé àlùbọ́sà kan sí i, ẹ dé e, kẹ́ ẹ dín iná kù nígbà tó bá ti hó. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jiná, ẹ pa iná, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé ìkòkò náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n. Ooru inú rẹ̀ á parí iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Iyọ̀ àti epo, ìgbẹ̀yìn. Kán-ún ń mú un yá, òótọ́ ni, àmọ́ ó ń ba nínú èròjà aṣaralóore rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ti rẹ ẹ́, ẹ ò nílò rẹ̀.

Kóńgò kan ẹ̀wà wa, mẹ́ta ni mò ń pín in sí. Agolo 4 fún sísè, agolo 4 fún mọ́ínmọ́ín, agolo 2 fún àkàrà. Ti mọ́ínmọ́ín àti àkàrà kì í mọ́jú nínú omi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kí èèpo rẹ̀ tó ṣe é bó. Ewé ni mò ń fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, nígbà tí kò bá sí ewé, agolo. Ọ̀rá kì í wọ inú ìkòkò gbígbóná mi. Ẹyin sísè méjì tí mo gé wẹ́wẹ́ máa ń kárí mọ́ínmọ́ín méjìlá. Àwọn ọmọ á máa fi ojú wá a bíi pé owó ló sọnù.

Ọbẹ̀, ẹ̀fọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹran

Alẹ́ ọjọ́ tí mo bá ti ọjà dé ni mò ń lọ gbogbo ata. Ẹ sè é láìsí òróró títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tán. Gáàsì kékeré ni, ìgbóná kékeré, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó fi òróró díẹ̀ dín in. Èyí tí omi rẹ̀ ti gbẹ kò ní mu òróró púpọ̀, kì í sì í yá bàjẹ́. A kì í gbára lé fíríìjì nítorí iná mànàmáná, nítorí náà àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń gbé e kaná kó hó dáadáa, n kì í sì í ti ṣíbí tí wọ́n ti fẹnu kàn bọ inú rẹ̀. Ó máa ń bá mi dé ọjọ́rú.

Ẹ̀fọ́, ẹ gbìn ín. Àpò ìrẹsì àtijọ́ mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé wa, tí mo lu ihò sí ìdí, tí mo kó iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí. Tẹ̀tẹ̀ ń ṣe é jẹ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má fà á tu, ẹ máa rẹ́ orí rẹ̀, á tún yọ. Gbúre kò tilẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi igi rẹ̀ gún ilẹ̀, ó parí.

Ọjọ́ kìíní tí mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ síwájú bàálé mi láìsí ẹran, ó wo abọ́, ó wo mi, ó ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, ṣé ẹran ṣì wà lórí iná ni?” Mo ní, “Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀.” Ṣáwá gbígbẹ ni mo fọ́ sí i, pẹ̀lú irú tó pọ̀. Irú kò wọ́n, ó ń ta sánsán, òun gan-an sì jẹ́ oúnjẹ tó ń kọ́ ara, kì í ṣe adùn lásán. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́ bó bá wù yín, àmọ́ ẹ má kà á mọ́ ẹran tí ẹ rà fún ọmọ. Iye tí ẹ fẹ́ fi ra pọ̀nmọ́, ẹ fi ra ẹyin, ṣáwá tàbí ẹja mìíràn. Ẹran gidi, Sunday nìkan ni nílé wa.

Gáàsì

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba gáàsì sára sílíńdà. Ìwọ̀n sílíńdà òfìfo wà lára irin rẹ̀: bí wọ́n bá gbé e sórí ìwọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ tán, ẹ yọ ìwọ̀n òfìfo yẹn kúrò, èyí tó ṣẹ́kù ni gáàsì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ dé ìkòkò, ẹ má jẹ́ kí iná yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ se ohun méjì tẹ̀lé ara wọn dípò títan iná lẹ́ẹ̀mejì. Èédú dára fún ẹ̀wà àti ẹran, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti dá a o. Ẹ má gbé e wọ yàrá tí a tì, èéfín rẹ̀ tí a kò rí ń pani.

Ọ̀sẹ̀ kan nílé wa

Lọ́jọ́ Sátidé, agolo 2 ẹ̀wà ni àkàrà àárọ̀, pẹ̀lú ògì. Ọjà lẹ́yìn náà. Àgbàdo tí mo rẹ láti ọjọ́rú ni mo máa ń lọ̀, tí mo máa ń sẹ́; èérí rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tó ní ewúrẹ́, òun náà ń fún wa ní ìgbẹ́ rẹ̀ fún àpò ẹ̀fọ́. Ògì kóńgò kan kárí gbogbo àárọ̀ ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Sunday, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata. Lálẹ́ rẹ̀ ni mọ́ínmọ́ín, àwọn ọmọ ń gbé èyí tó kù lọ sílé-ìwé láàárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí mo bá tún un gbé kaná kó gbóná dáadáa. Owó ìpápánu tí mò ń fún wọn tẹ́lẹ̀ ló ń ra ẹ̀wà yẹn, ó tún ń ṣẹ́kù. Alẹ́ Mọ́ńdè, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ilé. Túsìdeè, agolo 4 ẹ̀wà sísè, gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyókù ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ jẹ láàárọ̀ ọjọ́rú. Alẹ́ ọjọ́rú, àmàlà, ewédú àti ìsàlẹ̀ ìkòkò ata. Ọjọ́bọ̀, ìrẹsì elépo: agolo 5, epo pupa, irú, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kò nílò ọbẹ̀, kò nílò tòmátì, n ò sì tíì rí ọmọ tó kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti bàálé mi. Ìkálẹ̀ ni, pupurú ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi èéfín yan ni, kò wọ́n ní Àkúrẹ́ níbí, ó sì ń pẹ́ nílé bó bá gbẹ. Ọbẹ̀ ilá ni mò ń sè sí i. Ó ní ti ìyá òun dára jù, ó sì ń jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ Ẹtì ni mò ń ṣí kéègì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń wọn ohun tó kù kí n tó kọ ìwé ọjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, agolo 3 ẹ̀wà ló ṣẹ́kù, torí pé ìyá mi gbé mọ́ínmọ́ín wá fún wa. Agolo 7 ni mo kọ sílẹ̀ fún Sátidé.